Ìbọn ìléwọ́ kékeré: ẹ̀yin tí ẹ ti gbé e rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fẹ́mi béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo Òròkí nílé lóko. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, ṣùgbọ́n Houston, ní Texas l'Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé láti 2011. Nọ́ọ̀sì ni mí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo ń jáde. Mo wà nílé báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá wo ìyá mi.

Ní oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ jáde lálẹ́, ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Kò fọwọ́ kàn mí, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn dúró, ó ń wò mí títí mo fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti kọjá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n ra ìbọn ìléwọ́ kékeré, èyí tí yóò wọ inú báàgì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, òfin ò dí mi lọ́wọ́ láti rà á.

Mo lọ síbi ìdánrawò ìbọn yíyìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n yá mi ní kékeré kan tó rí bí ohun ìṣeré ọmọdé. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àtàǹpàkò mi wú fún ọjọ́ méjì. Èrò mi ni pé èyí tó bá kéré ni yóò rọ obìnrin lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé e rí, báwo ni ẹ ṣe ń gbé e? Ṣé inú báàgì dára? Ìbéèrè kejì: ṣé ènìyàn lè mú un wálé, nítorí ojú ọ̀nà? Bí a ṣe ń bọ̀ láti Ìbàdàn gba Ìwó lọ́jọ́ sí, àyà mi kò sí nínú mi. Mi ò tíì sọ fún ìyá mi o.


Ṣadé ti Atlanta dáhùn pé:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbọn kékeré P365 tí ilé iṣẹ́ SIG ṣe ni mo ní, wọ́n gbé e jáde ní 2018. Ọta mẹ́wàá ló ń gbà nínú mágásíìnì, ìyẹn àpótí ọta inú ọrùn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu, ọta tí wọ́n ń pè ní 9mm ló sì ń lò. Inú ṣòkòtò níbi ìgbáròkó ni mo ń gbé e sí, nínú akọ̀ líle, pẹ̀lú bẹ́líìtì tó nípọn. Bẹ́líìtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ kò lè gbé e, yóò máa fà yín ní ṣòkòtò wálẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ti báàgì. Mo ti gbàgbé báàgì sí ilé oúnjẹ rí. Ọpẹ́ ni pé kò sí ìbọn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.


Bàbá Tọ́lá, Òkè-Fìà, dáhùn pé:

Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú ewu. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ó ti bà mí rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò ní Houston kí n tó padà sílé ní 2022. Ọkọ̀ èrò ni mo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, lóru, mo sì gbé ìbọn kékeré sápò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí àwọn tó ń tà á kò ní jókòó sọ ọ́ fún yín.

Àtàǹpàkò yín ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ọwọ́ yín ni kò lágbára. Agbára tó ń ti ọta síwájú náà ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ìbọn bá wúwo, irin yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́, àtẹ́lẹwọ́ yín ni yóò gbà á. Ẹ wo ìbọn LCP ti ilé iṣẹ́ Ruger tó jáde ní 2008, ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́ kí ìbọn inú àpò gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí wọn ò bá tíì ki ọta sí i, kò ju nǹkan bí 270 gíráàmù lọ. Ẹ gbé páànù sàdíìnì méjì lọ́wọ́, wọ́n wúwo jù ú lọ. Ọta .380 ló ń lò, èyí tí John Browning, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ìbọn, ṣe, tó ti wà láti 1908. Ọta yìí kò lágbára tó 9mm rárá, síbẹ̀ nínú ìbọn tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni fi pátákó gbá yín lọ́wọ́. Ọrùn ìbọn kúrú, ìka kékeré kì í ráyè dì í mú. Ibi tí a fi ń fojú sun nǹkan kò ju orí ìṣó lọ. Nítorí náà, èyí tó rọrùn jù láti gbé ló ṣòro jù láti yìn. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù tí mo ní nìyẹn, ẹ bá mi dì í mú.

Ti èmi náà, .380 ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí ẹ̀bi ọwọ́ ara mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, bí mo bá yin mẹ́ta, ìkẹrin á há. Èèpo ọta tí mo ti yìn tán yóò dúró lóòró níbi tó yẹ kó gbà fò jáde, irin tó wà lórí ìbọn yóò há a mọ́lẹ̀. Mo gbé e padà lọ síbi tí mo ti rà á tìbínú-tìbínú. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó yin mẹ́fà pátá, kò há. Ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú, ó mì í, ó ní ibẹ̀ ni àrùn wà. Bí ọrùn-ọwọ́ bá rọ̀, gbogbo ìbọn yóò bá ọwọ́ lọ sẹ́yìn, irin orí rẹ̀ kò ní lè sún dé ibi tó yẹ kó dé, èèpo ọta kò sì ní rí ààyè jáde. Ìbọn ńlá lè fara da ọwọ́ tó rọ̀. Kékeré kì í fara dà á. Àpótí ọta mẹ́wàá ni mo yìn kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn, àádọ́ta ọta nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó ìbọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tú u láti nù ún. Òwú inú àpò ṣòkòtò ti di bí ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ irin orí rẹ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ ẹyọ kan yọ ọ́ jáde, mo bá èèpo ẹ̀pà nínú rẹ̀, èèpo pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń fẹ́ dànù. Ẹ̀pà ni mo máa ń jẹ lóru kí oorun má baà kùn mí. Mo jókòó tì í nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo gbẹ́mìí lé nìyẹn, èèpo ẹ̀pà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àpò tí ìbọn bá wà, nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ì báà ṣe kọ́kọ́rọ́, ì báà ṣe owó ẹyọ. Mo sì ra akọ̀ tó bo apátí pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré wọ̀nyí ni kò ní ohun tí à ń tì kó má baà yìn. Kọ́kọ́rọ́ ilé lásán lè bọ́ sí apátí kó sì fà á.

Ó ku ohun tó pọ́n mi lójú jù. Ọdún méjì ni mo ti fi ń gbé e sápò ọ̀tún kí n tó mọ̀ pé kò wúlò fún mi lórí ìjókòó ọkọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ra epo létí òpópónà Bissonnet ní Houston. Mo ti wọlé padà, mo ti de bẹ́líìtì, ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bá yọ láti ẹ̀yìn, ọ̀kan kan gíláàsì mi gbàgbà. Ọwọ́ mi sáré sápò. Bẹ́líìtì ti fún mi níkùn, ṣòkòtò ti ká jọ síbi ìgbáròkó, ìka mi kò kọjá ẹnu àpò. Mo ń fà, kò wá. Ọmọ náà wá sọ̀rọ̀ sókè: bátìrì ọkọ̀ wọn ti kú, ṣé mo lè bá wọn fi wáyà gbé e? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá wọn so wáyà, ọkọ̀ wọn dáhùn. Èyí tó kéré nínú wọn ní “thank you, sir”, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí lọ́wọ́ mú. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ.

Mo délé, mi ò sùn. Bí wọ́n bá jẹ́ olè, ìbọn náà kò ní gbà mí. Bí ọwọ́ mi bá sì ti wọ àpò ńkọ́? Ìyá Fẹ́mi, mi ò tíì lè dáhùn ìbéèrè yẹn títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ti yín gan-an. Òfin Texas kò fàyè gba ìbọn nínú ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí òfin kò sì dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kò ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Òfin mìíràn tún wà láti 2011 tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó tì pa ní ọgbà ibi iṣẹ́. Nítorí náà, fún gbogbo wákàtí mẹ́jọ tí ẹ ó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ọkọ̀ ni ìbọn yóò wà. Ẹ wá rò ó wò: láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ọkọ̀ ni ọkùnrin yẹn ti tẹ̀ lé yín. Ìrìn yẹn gan-an ni ìbọn ò ní sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa sìn yín dé ibi ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé ẹ béèrè. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ iná. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á lẹ́yìn ìyẹn, àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tó ní okùn wáyà tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó, nítorí àwọn tó ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ ra àpótí òmíràn sílé nítorí Fẹ́mi. Ẹ má ra èyí tó wú yín lọ́wọ́ yẹn. Ìbọn Shield EZ ti ilé iṣẹ́ Smith & Wesson wà, .380 ni òun náà, 2018 ló jáde. Ó tóbi díẹ̀, ó wúwo tó ìlọ́po méjì LCP, irin orí rẹ̀ sì rọrùn láti fà sẹ́yìn. Nítorí ọwọ́ tí kò fẹ́ líle ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ yá a yìn kí ẹ tó rà á.

Ti báàgì, Ṣadé ti sọ ọ́. Bí wọ́n bá já báàgì gbà, ẹ ti ra ìbọn fún olè.

Ti mímú un wálé, ẹ má dán an wò. Mo ta tèmi kí n tó kó ẹrù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nílé sọ ìyókù.


Ọdẹ Ayétòrò dáhùn pé:

Ọmọ mi, Ìyá Fẹ́mi, ọdẹ ni mí, bàbá mi náà ṣe é. Láti orí Tìmẹ́hìn ni ìlú wa ti ń bá ọdẹ bọ̀, nítorí náà kì í ṣe pé a kórìíra ìbọn. Ṣùgbọ́n òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1959, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà wà lọ́tọ̀. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì wà lọ́tọ̀, ọlọ́pàá ló ń fún ni ní ìwé rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ wà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ènìyàn ní àṣẹ láti ní in. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́ láìní àṣẹ yẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ó kéré jù. Ìwé Texas rẹ kì í ṣe ìwé níbí. Láti pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, o ò tiẹ̀ ní í dé Ìwó.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mú lọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a na ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ì báà jẹ́ ìbọn tó ti dógùn-ún tó wà lára ògiri láti ọdún gbọọrọ. Ìbọn lápátí kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Bí o bá rà á, kí ìka rẹ má ṣe dé apátí títí o fi pinnu láti yìn. Mo ti gbé ọdẹ wálé rí tó jẹ́ pé ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.


Ìyá Fẹ́mi kọ̀wé padà:

Bàbá, ẹ ṣeun, mo ti gbọ́. Mi ò ní mú un wálé.

Bàbá Tọ́lá, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mo ń rin ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, kò wá sí mi lọ́kàn pé ìbọn ò ní sí lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ti wọnú ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé báàgì tó wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi kò yá ju àpò ṣòkòtò yín lọ?


Bàbá Tọ́lá dáhùn pé:

Ẹ wá sílé ká dán an wò. Káfíńtà àdúgbò wa ti gé igi kan fún mi rí ní ìwọ̀n ìbọn mi, nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi òjé sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Ìyá Tọ́lá wà nílé ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ gbé báàgì tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ dání.


Ìyá Fẹ́mi kọ̀wé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta:

Mo lọ. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Bàbá Tọ́lá gbé Corolla wọn sí ìsàlẹ̀ ọgbà, wọ́n ní kí n jókòó síbi ìwakọ̀, kí n de bẹ́líìtì, kí n gbé báàgì sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú igi náà nínú. Ìyá Tọ́lá dúró lẹ́nu géètì. Bí Bàbá bá ti pàtẹ́wọ́, Ìyá yóò máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìrìn lásán, wọn ò sáré. Bàbá yóò máa kà.

Lákọ̀ọ́kọ́, síìpù báàgì há mọ́ ìborùn mi. Nígbà tí mo fi rí i ṣí, ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni sitẹtosikóòpù, lẹ́yìn náà abọ́ oúnjẹ. Bàbá ti ka ẹ̀ẹ́wàá kí igi tó jáde, orí rẹ̀ ló sì ti jáde, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ikùn èmi fúnra mi. Ìyá Tọ́lá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì mi láti orí ẹ̀ẹ́fà. Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú àánú. A ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ́je ni, Ìyá sì ti débẹ̀.

Bàbá wá ní kí n fi báàgì sílẹ̀. Kí n ti ilẹ̀kùn, kí n ta ọkọ̀, kí n máa lọ. Mo ṣe é. Bàbá ka ẹ̀ẹ́rin, mo ti kúrò níbi tí mo wà, Ìyá Tọ́lá kò tíì débẹ̀.

Mi ò sọ pé mi ò ní ra ìbọn láé. N ó lọ yá EZ yẹn, n ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́, bí ọwọ́ mi bá sì gbà á, àpótí irin ni n ó kọ́kọ́ rà, ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún yàrá. Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi iṣẹ́ wa lánàá, wọ́n ní bí mo bá ti ń jáde kí n pe nọ́ńbà wọn, ẹnì kan yóò bá mi rìn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí pé aago mélòó ni nílé bí mo bá ń jáde lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ìdájí ni, aago márùn-ún. Wọ́n ní àwọn ti jí fún àsùbáà nígbà náà, kí n máa pe àwọn bí mo bá ti ń ti ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn kò ní gbé fóònù sílẹ̀ títí n ó fi délé.